Ta Ló Lu Ìdí Kọ́ńgò? Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí Ilẹ̀ Baba Ẹni àti Bọ́ǹbù Átọ́míìkì

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní gbọ̀ngàn kan ní Alágbàká, Àkúrẹ́ nìyí. Mo fi díẹ̀ nínú ìbéèrè tí wọ́n bi mí kún un.

Ẹ̀yin olóyè, ẹ̀yin bàbá àti ìyá mi, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ tí ẹ ti di ọlọ́mọ, tí àwọn mìíràn nínú yín ti ń ṣe bàbá àgbà, ẹ kú ìjókòó.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo máa ń bá ìyá mi ru gàárì lọ sí Ọjà Ọba. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó máa ń ra gàárì lọ́wọ́ àwọn ará oko láàárọ̀, tí yóò sì tà á fún àwọn ará ìlú lọ́sàn-án. Kọ́ńgò méjì ló ní. Èyí tó fi ń rà, wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ síta títí tó fi yọ bí ikùn aláboyún. Èyí tó fi ń tà, wọ́n ti lu ìdí tiẹ̀ wọnú. Bí èèyàn bá wò wọ́n láti òkè, ọgbọọgba ni ẹnu wọn. Lọ́jọ́ kan, ìyá mi gba ti àárọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ìdí tó yọ náà sì hàn síta gbangba. Gbogbo ìsọ̀ tó wà nítòsí rí i. Ìyá náà ò bẹ̀bẹ̀ o. Ohun tó sọ ni pé, "Ta ló ní kó o wo ìdí rẹ̀?"

Láti ọdún pípẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn, gbólóhùn yẹn ni mò ń gbọ́ nígbàkigbà tí àwọn alágbára ayé bá ń sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ ẹni tí wọ́n gbà, tàbí lórí ta ló yẹ kó ní bọ́ǹbù àti ta ni kò yẹ. Òfin wà. Ọ̀pọ̀ nínú òfin náà dára, mo sì fẹ́ kó dúró. Ìdí kọ́ńgò ni mo fẹ́ ká jọ wò lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sínú Òkun Íńdíà, níbi tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù ti wé mọ́ra lọ́nà tí mi ò rí irú rẹ̀ níbòmíràn. Àwọn erékùṣù kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Chagos. Ọmọ ìran ẹrú ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ibẹ̀, tí wọ́n kó bàbá ńlá wọn láti Mòsáńbíìkì àti Madagáskà. Àwọn mìíràn jẹ́ ìran òṣìṣẹ́ tó wá láti Íńdíà. Iṣẹ́ oko àgbọn ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní itẹ́ òkú, wọ́n ní èdè tí wọ́n ń sọ láàárín ara wọn. Mauritius ni wọ́n wà lábẹ́ rẹ̀, Mauritius sì wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1965, nígbà tí Mauritius ń múra àtigba òmìnira, Gẹ̀ẹ́sì gé Chagos kúrò lára rẹ̀, torí pé Amẹ́ríkà fẹ́ fi Diego Garcia, erékùṣù tó tóbi jù níbẹ̀, ṣe ibùdó ológun. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé ní 1966. Kí ni Gẹ̀ẹ́sì wá rí gbà? Lábẹ́lẹ̀, Amẹ́ríkà yọ mílíọ̀nù 14 dọ́là kúrò nínú owó tí Gẹ̀ẹ́sì ì bá san lórí Polaris. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ni Polaris, tí wọ́n máa ń yìn láti inú ọkọ̀ ogun abẹ́ omi, bọ́ǹbù átọ́míìkì ló sì ń gbé.

Wọ́n fi ilẹ̀ baba ọmọ ẹlòmíràn ná owó bọ́ǹbù wálẹ̀. Mo máa ń ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí mo bá dé ibẹ̀ nínú ìwé.

Láti 1968 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn kúrò. Ẹni tó bá wọkọ̀ lọ sí Mauritius láti lọ gba ìtọ́jú, bó bá fẹ́ padà, wọn á ní kò sí ọkọ̀ tó ń lọ sílé mọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n dín oúnjẹ tó ń wọlé kù. Wọ́n kó ajá àwọn èèyàn náà jọ, wọ́n fi èéfín pa wọ́n. Nígbà tí 1973 fi máa parí, kò ku ẹnìkan. Àwọn tí wọ́n kó kúrò tó 1,500 sí 2,000. Iye yẹn ò tó èèyàn tó ń wọ inú ọjà kan lọ́jọ́ ọjà níbí.

Ẹ wá gbọ́ o. Ní April 1982, Ajẹntínà kó ogun wọ erékùṣù Falkland, tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Iye àwọn tó ń gbé ibẹ̀ nígbà náà jẹ́ nǹkan bí 1,800. Gẹ̀ẹ́sì kó ọkọ̀ ogun jọ, wọ́n la òkun kọjá lọ bá wọn, wọ́n ní ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ni pé kó fúnra rẹ̀ yan ìjọba tó fẹ́. Èèyàn tó lé ní 900 kú kí ogun náà tó parí ní June. Mi ò ní àwọn ará Falkland ò lẹ́tọ̀ọ́. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ o, gbogbo ẹnu ni mo fi sọ ọ́. Erékùṣù méjì rèé, iye èèyàn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ìjọba kan náà ló ni wọ́n, àárín ọdún tí wọ́n kó tọ̀hún kúrò àti ọdún tí wọ́n jagun nítorí tibí kò tó ọdún mẹ́wàá. Òyìnbó ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wà ní Falkland. Ọmọ aláwọ̀ dúdú ló wà ní Chagos. Bí ẹnikẹ́ni bá rí ìyàtọ̀ mìíràn tó tó nǹkan, kó sọ ọ́, n ó jókòó gbọ́ ọ.

Ó tó February 2019 kí Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé tó wà ní Hague tó sọ ọ́ gbangba pé gígé tí wọ́n gé Chagos kúrò lára Mauritius kò bófin mu. Ní May ọdún yẹn, orílẹ̀-èdè 116 dìbò pé kí Gẹ̀ẹ́sì fi ibẹ̀ sílẹ̀. Mẹ́fà péré ló kọ̀. Ní May 2025, Gẹ̀ẹ́sì àti Mauritius tọwọ́ bọ̀wé pé ilẹ̀ náà yóò di ti Mauritius. Ṣùgbọ́n ìwé kan náà ní Diego Garcia yóò ṣì wà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún 99. Àwọn tí wọ́n pa ajá wọn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú sílẹ̀ àjèjì.

N ò ní pẹ́ lórí àwọn tó kù, torí pé ẹ ń gbọ́ wọn lórí rédíò. Ní 2008, Kosovo ya kúrò lára Sẹ́bíà, Amẹ́ríkà àti ọ̀pọ̀ ìjọba Yúróòpù ní ó tọ́, Rọ́ṣíà ní kò tọ́, pé a kì í gé ilẹ̀ onílẹ̀. Ní 2014, Rọ́ṣíà gba Crimea lọ́wọ́ Yukréìn, ó ní àwọn ará ibẹ̀ ló fẹ́ bẹ́ẹ̀, Amẹ́ríkà sì ní kò tọ́, pé a kì í gé ilẹ̀ onílẹ̀. Wọ́n kàn pààrọ̀ kọ́ńgò láàárín ara wọn ni.

Palẹ́stínì ni mo mọ̀ pé ẹ ń retí. Ní November 1947, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò pé kí wọ́n pín ilẹ̀ yẹn sí orílẹ̀-èdè méjì, ọ̀kan fún àwọn Júù, ọ̀kan fún àwọn Lárúbáwá. Àwọn Lárúbáwá kọ ìpín náà, ogun sì bẹ́ sílẹ̀. Ísírẹ́lì dìde ní 1948. Palẹ́stínì tó lé ní 700,000 sá tàbí kí wọ́n lé wọn kúrò nílé, láti 1967 ni ogun Ísírẹ́lì sì ti wà lórí ilẹ̀ tó ṣẹ́kù. Àwọn Júù tí wọ́n pa mílíọ̀nù mẹ́fà nínú wọn ní Yúróòpù nílò ibi tí wọn yóò forí pamọ́ sí. Ẹni tó bá sọ pé wọn ò nílò rẹ̀, òun náà ń lu ìdí kọ́ńgò. Ohun tí Hamas ṣe ní October 7, 2023 burú, wọ́n pa nǹkan bí 1,200 èèyàn, wọ́n sì kó èèyàn lọ. Ohun tí wọ́n fi san án fún àwọn ará Gásà burú kọjá àlà, ọmọdé ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí ojú wa rí. Ní July 2024, Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní jíjókòó tí Ísírẹ́lì jókòó sórí ilẹ̀ tó gbà ní 1967 kò bófin mu. Àwọn ìjọba tó ń ka òfin sí Rọ́ṣíà létí lójoojúmọ́ nítorí Yukréìn, ẹ wo bí ohùn wọn ṣe rọ̀ nígbà tó kan ti èyí.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ tiwa náà, ká má tan ara wa. Àgbà òṣìkà ní í gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá. Ní Àkúrẹ́ yìí, bí mo bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì, àdúrà fún Ísírẹ́lì ni mo máa gbọ́. Bí mo bá kọjá lẹ́nu mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, ti Palẹ́stínì ni. Ẹ̀sìn ẹni ló ń báni dá ẹjọ́. Ta ló ti gbàdúrà fún Ìwọ̀-Oòrùn Sàhárà rí? Ilẹ̀ Áfíríkà ni o. Sípéènì ló ń ṣàkóso rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní October 1975, Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní kò sí ẹ̀rí tó fi hàn pé Mòrókò ló ni ilẹ̀ náà, pé kí àwọn ará ibẹ̀ yan ohun tí wọ́n fẹ́. Oṣù tó tẹ̀ lé e, Mòrókò kó èèyàn wọ ibẹ̀. Láti 1991 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti rán àwọn òṣìṣẹ́ lọ síbẹ̀ láti ṣètò ìdìbò, wọn ò tíì di ìbò kan títí dòní. Nàìjíríà gbà wọ́n gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè ní 1984. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ àti gáàsì pẹ̀lú Mòrókò wọlé dé, ohùn tiwa náà sì rọ̀.

Ó kan bọ́ǹbù wàyí.

Ní 1968, wọ́n kọ àdéhùn kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1970. Orílẹ̀-èdè tó bá ti dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò kí 1967 tó bẹ̀rẹ̀, òun lòfin mọ̀ sí ẹni tó ní i: Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà tó jẹ́ Sófíẹ́ẹ̀tì nígbà náà, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Ṣáínà. Àwọn tó kù gbà pé àwọn ò ní ṣe é. Àwọn márùn-ún náà gbà, ní abala kẹfà ìwé náà, pé àwọn yóò jókòó fi òótọ́ inú sọ̀rọ̀ bí wọn yóò ṣe kó tiwọn dànù. Nàìjíríà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, ní 1968 náà. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Lónìí, bọ́ǹbù tó wà láyé lé ní 12,000, nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà. Àwọn márùn-ún yìí náà ló ní àga tí kì í kúrò nídìí wọn ní Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, níbi tí "rárá" kan ṣoṣo láti ẹnu ọ̀kan nínú wọn ti tó láti so ọ̀rọ̀ gbogbo ayé rọ̀.

Ìránì tọwọ́ bọ ìwé náà. Ísírẹ́lì ò tọwọ́ bọ̀ ọ́, kò sì jẹ́wọ́ rí pé òun ní bọ́ǹbù, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́. Ní 1986, òṣìṣẹ́ kan ní Dimona, ibùdó núkílíà Ísírẹ́lì, tó ń jẹ́ Mordechai Vanunu, kó fọ́tò ohun tó wà níbẹ̀ fún ìwé ìròyìn kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n tàn án lọ sí Róòmù, wọ́n jí i gbé, ó sì lo ọdún 18 lẹ́wọ̀n. Kò sí ìgbìmọ̀ kankan tó tìtorí ohun tó fi hàn lọ yẹ Dimona wò. Ìránì náà kì í ṣe ẹni mímọ́ o: ó fi ibùdó núkílíà rẹ̀ ní Natanz pamọ́ títí tí àṣírí fi tú ní 2002. Àmọ́ ní 2015 ó bá àwọn alágbára ayé ṣe àdéhùn pé òun ò ní sẹ́ uranium òun, ohun tí wọ́n lè fi ṣe bọ́ǹbù bí wọ́n bá sẹ́ ẹ dáadáa, kọjá ìdá 3.67 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn olùyẹ̀wò ń wọlé, wọ́n ń jáde. Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ já àdéhùn náà, ní May 2018. Lẹ́yìn náà ni Ìránì gbé e dé ìdá 60. Ní June 2025, Ísírẹ́lì tí kò tọwọ́ bọ̀wé, àti Amẹ́ríkà tó já àdéhùn, ju bọ́ǹbù lu Ìránì.

Íńdíà náà ò tọwọ́ bọ̀wé. Ohun èlò tí Kánádà fún un fún iṣẹ́ àlàáfíà ló lò fún bọ́ǹbù tó dán wò ní 1974. Torí rẹ̀ gan-an ni àwọn tó ń ta ohun èlò núkílíà fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí irú rẹ̀ má baà wáyé mọ́. Ní 2008, ẹgbẹ́ yẹn kan náà yọ Íńdíà sílẹ̀ nínú òfin rẹ̀, torí Amẹ́ríkà nílò Íńdíà láti fi ko Ṣáínà lójú.

Ẹ̀kọ́ wo ni àwọn tó kù máa rí kọ́? Yukréìn jogún nǹkan bí 1,900 bọ́ǹbù ńlá nígbà tí Sófíẹ́ẹ̀tì túká. Òótọ́ ni pé Moscow ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ Yukréìn ni wọ́n wà. Ó kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, Rọ́ṣíà, Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì sì tọwọ́ bọ̀wé ní Budapest ní December 1994 pé àwọn yóò bọ̀wọ̀ fún ààlà rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó tọwọ́ bọ̀wé ló wá ń fọ́ ilé rẹ̀ lónìí. Gaddafi ti Líbíà fi ètò bọ́ǹbù tirẹ̀ sílẹ̀ ní December 2003. Ní October 2011, wọ́n fà á yọ nínú ihò kan ní Sirte, wọ́n pa á. Kòríà Àríwá já kúrò nínú àdéhùn ní 2003, ó dán bọ́ǹbù wò ní 2006, ní 2018 ààrẹ Amẹ́ríkà fò lọ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ní Singapore. Ẹni tó kó ohun ìjà rẹ̀ sílẹ̀ ń jẹ̀yà, ẹni tó dì í mú ń gbàlejò.

Àwa Yorùbá mọ ẹ̀kọ́ yẹn ṣáájú. Nígbà ogun Kírìjì, Ìbàdàn ló lágbára lórí àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, àwọn ajẹ́lẹ̀ rẹ̀ ń ṣe bó ṣe wù wọ́n. Nígbà tí ara kan àwọn èèyàn wọ̀nyí, àwọn ọmọ wọn tó wà ní Èkó bá wọn wá ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́. Ìró àwọn ìbọn yẹn ni ogun náà ń jẹ́. Èmi ò lè dá àwọn bàbá wa lẹ́bi. Àmọ́ ìbọn Kírìjì, ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ló ń pa.

Àwa gan-an ti jẹ nínú iná yìí rí. Ní February 1960, Faransé dán bọ́ǹbù átọ́míìkì àkọ́kọ́ rẹ̀ wò ní Reggane, nínú aṣálẹ̀ Àlùgèríà, kì í ṣe nínú oko àjàrà tiwọn nílé. Nígbà tí wọ́n dán ẹlẹ́ẹ̀kẹta wò ní December ọdún yẹn, ìjọba Tafawa Balewa, tí kò tíì ju nǹkan bí oṣù mẹ́ta lọ tí a gba òmìnira, lé aṣojú Faransé kúrò ní Èkó ní January 1961. Mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ inú ilé yìí mọ̀ pé ìgbà kan wà tí a sọ̀rọ̀ báyẹn.

A sì ń pa òfin mọ́. Ẹ̀rọ ìwádìí núkílíà kékeré kan wà ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, tí Ṣáínà bá wa ṣe. Uranium irú èyí tí wọ́n lè fi ṣe bọ́ǹbù ni wọ́n kọ́kọ́ fi sínú rẹ̀, kò ju nǹkan bí kílò kan lọ. Ní 2018, a yọ ọ́, a fi irú tí kò léwu rọ́pò, a sì kó èyí tí a yọ padà sí Ṣáínà. Kílò kan! Gúúsù Áfíríkà náà tú bọ́ǹbù mẹ́fà tó ti ṣe palẹ̀, de Klerk, ààrẹ rẹ̀ nígbà náà, sì jẹ́wọ́ rẹ̀ ní 1993. Ní August 6, 2020, àyájọ́ Hiroshima, Nàìjíríà fòǹtẹ̀ lu àdéhùn tuntun tó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ní i rárá. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn tó ní bọ́ǹbù tó fọwọ́ sí i.

Bakassi ńkọ́, ilẹ̀ etíkun tó wà láàárín àwa àti Kamẹrúùnù? Ìlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì fà ní 1913 ni Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé gùn lé tó fi gbé e lé Kamẹrúùnù lọ́wọ́ ní October 2002. Níbí, pèrègún la fi ń pààlà, ẹni méjèèjì tó ni oko ló sì máa ń wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gbìn ín. Ní Bakassi, àwọn àlejò méjì ló gbin pèrègún sí ẹ̀yìnkùlé onílé. Síbẹ̀ a gbà. Ní August 2008 a kó kúrò pátápátá. Ilé ẹjọ́ kan náà dá Amẹ́ríkà lẹ́bi lórí Nicaragua ní 1986, ó kọ̀. Ó ní kí Rọ́ṣíà dá ogun dúró ní March 2022, ó kọ̀. Ìgbìmọ̀ onídàájọ́ kan ní Hague dá Ṣáínà lẹ́bi lórí Òkun Gúúsù Ṣáínà ní 2016, ó ní ìwé lásán ni. Nàìjíríà ló gbọ́ràn. Ẹnu wa gbà á láti ní kí wọ́n dojú gbogbo kọ́ńgò délẹ̀, ti ọ̀rẹ́ wa àti ti ọ̀tá wa, tiwa náà pẹ̀lú.

Nígbà tí mo jókòó, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde. Ó ní, "Ẹ ẹ̀ jọ̀ọ́ sà, ṣé kí Nàìjíríà náà kúkú ṣe tirẹ̀ ni?" Mo sọ fún un pé kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ rò ó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí, nígbà tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè, sọ ọ́ ní 1987 pé ó yẹ kí aláwọ̀ dúdú ní bọ́ǹbù tirẹ̀. Mo mọ ohun tó ń dùn ún. Àmọ́ mo ní kó rò ó wò: iná mànàmáná tí a ò lè mú dúró nínú gbọ̀ngàn yìí fún wákàtí méjì, kí àwa náà wá máa ṣọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Bí a bá sì ṣe é, Reggane tiwa yóò wà níbì kan, oko ẹnìkan ni yóò jẹ́. Ojú rẹ̀ kò fi hàn pé ó gbà, n ò sì fi dandan lé e.

Bàbá kan tó wá láti Ìlàjẹ ló kẹ́yìn. Apẹja ni bàbá tirẹ̀, ó tẹ̀ lé etíkun títí dé Bakassi, ó kọ́lé síbẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ẹ ní a gbọ́ràn. Ta ni 'a'? Wọ́n bi mí ni?" Gbogbo ilé dákẹ́. Mo sọ fún un pé nínú ìwé àdéhùn tí àwa àti Kamẹrúùnù kọ ní Greentree, ní Amẹ́ríkà, ní June 2006, Kamẹrúùnù ṣèlérí pé òun ò ní lé àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà níbẹ̀, pé òun yóò dáàbò bo dúkìá wọn. Ó bi mí pé ta ló ń lọ wò ó bóyá wọ́n ń mú un ṣẹ. Mi ò ní èsì fún un. Òtítọ́ ni pé bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ Chagos láàárọ̀ yẹn, mi ò rántí pé ẹnìkan tí wọn ò bi léèrè jókòó síwájú mi. Mo ní kó bá mi kọ orúkọ ìletò bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Ó yí ìwé ètò ọjọ́ náà padà, ó kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó sì ya odò tó ṣàn kọjá níwájú ilé náà sí i.